Iṣẹ́ tó lówó lórí, tó sì fẹ́ gba àkókò Ọlọ́run lọ́wọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Wọ́n fi iṣẹ́ kan lọ̀ mí. Owó oṣù ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà báyìí. Ọjọ́ Ìsinmi ni iṣẹ́ wọn máa ń pọ̀ jù, ìrọ̀lẹ́ àwọn ọjọ́ yòókù kò sì dájú. Tí mo bá gbà á, kíláàsì Bíbélì àwọn ọmọdé tí mò ń kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, ìpàdé àdúrà sì di ìgbà tó bá ṣeé ṣe.

A ò jẹ gbèsè. Ebi ò pa wá. Àwọn ẹbí ní Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà, ọkọ mi ní ohun tí mo bá fẹ́ lòun náà fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti délẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, iye owó yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo wa la máa ń ṣe àmín tí wọ́n bá wàásù pé ọrọ̀ ti ẹ̀mí ju ọrọ̀ ayé lọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń fi í ṣèwà hù nígbà tí owó gidi bá wà níwájú ẹni. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Àbúrò mi, Olúwa á tọ́ ọ sọ́nà. Kí o tó ro ohunkóhun, mú ìwé kan, kọ ohun tí owó tó máa lé yẹn fẹ́ ṣe sí i. Má kọ "ìgbé ayé tó dára", dárúkọ nǹkan náà gan-an. Owó ilé ìwé ta ni? Oògùn ta ni? Ilé wo? Tí o bá kọ ọ́ tán, fi àmì sí èyí tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá ní rí i lára rẹ, o ò ní fẹ́ ẹ mọ́. Èmi àti ọkọ mi ṣe é, ohun tó kù lórí ìwé náà kéré sí bí a ṣe rò.

Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé bí a bá ti ní oúnjẹ àti aṣọ, kí ìyẹn tẹ́ wa lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ó le létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ibi tí ó ti tó fún òun, kò ní mọ̀ nígbà tó bá débẹ̀, yóò kàn máa lọ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́:
Ẹ jẹ́ ká lọ sí Lúùkù orí 12. Ọkùnrin kan láàárín èrò ní kí Jésù sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun. Ó lè jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ o. Jésù kò bá wọn pín in. Ó yíjú sí gbogbo èèyàn, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra fún ojúkòkòrò, ó wá pa òwe ọlọ́rọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ so wọ̀ǹtìwọnti.

Ohun tó máa ń dá mi dúró níbẹ̀ ni pé ọkùnrin ọlọ́rọ̀ yẹn kò jalè. Òwe náà ò sọ pé ó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ilẹ̀ ló so. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ́ ni ohun tó ń bá ara rẹ̀ sọ: èso mi, àká mi, ẹrù mi, ọkàn mi. Kò sí aládùúgbò nínú rẹ̀, kò sí tálákà, kò sí Ọlọ́run, àfi ìgbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá sí i lóru ọjọ́ náà. Jésù wá ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń to ìṣúra jọ fún ara rẹ̀, tí kò sì ní ọrọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Kí ni a ń pè ní ọrọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Ìwé Ìfihàn gbé ìjọ méjì kalẹ̀ tó jẹ́ kó yé mi ju ìwàásù èyíkéyìí lọ. Sí ìjọ Símírínà, Jésù ní òun mọ ìpọ́njú wọn àti òṣì wọn, "ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ ni ọ́." Ẹ wá wo Laodíkíà. Ìlú olówó ni. Àwọn tó ń tọ́jú owó fún èèyàn wà níbẹ̀, aṣọ irun àgùntàn dúdú wọn lókìkí, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Kristi, Tacitus tó kọ ìtàn Róòmù sọ pé agbára ara wọn ni wọ́n fi tún un kọ́, wọn ò gba ìrànlọ́wọ́ Róòmù. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ìjọ kan ti ń sọ pé òun lọ́rọ̀, òun ò ṣaláìní ohunkóhun. Jésù ní òtòṣì ni wọ́n, afọ́jú, ẹni ìhòòhò. Ó ní kí wọ́n wá ra wúrà tí a ti dà nínú iná lọ́wọ́ òun, àti aṣọ funfun, àti oògùn ojú. Owó, aṣọ, oògùn: ohun tí ìlú náà fi ń yangàn gan-an ló mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjọ tálákà ló pè ní ọlọ́rọ̀, ìjọ olówó ló pè ní tálákà. Bẹ́ẹ̀, Kristẹni ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọrọ̀ náà, Éfésù orí 1 kà á sílẹ̀: ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ìsọdọmọ, ìmọ̀ ìfẹ́ Ọlọ́run, Ẹ̀mí Mímọ́ tí a fi ṣe àsansílẹ̀ ogún wa. Arábìnrin, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe èrè tí ẹ máa gbà tí ẹ bá kọ iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ti wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo máa béèrè ni bóyá iṣẹ́ náà máa jẹ́ kí ẹ ráyè gbádùn wọn.

Oníṣirò Owó:
Ẹ má bínú sí mi o. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àmọ́ ó yẹ kí ẹnì kan sọ apá kejì. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ábúráhámù lówó. Jósẹ́fù ará Arimatíà lówó, ibojì tirẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Olúwa sí. Lìdíà ń ta aṣọ elésè àlùkò, ilé rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù dé sí ní Fílípì. Lúùkù orí 8 dárúkọ Jòánà àti Sùsánà pẹ̀lú àwọn obìnrin míì tó ń fi ohun ìní wọn tọ́jú Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì pèsè fún ará ilé rẹ̀, Pọ́ọ̀lù ní ó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ.

Mo ti rí àwọn tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lórúkọ ẹ̀mí, tí wọ́n wá di ẹrù sọ́rùn àwọn ará. Àìlówó lọ́wọ́ baba ìjayà; ẹni tí ìjayà bá sì gbé, àdúrà pàápàá kì í rọrùn fún un.

Ìmọ̀ràn tèmi kò le. Kí arábìnrin béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀ fún un. Kó béèrè nísinsìnyí tí wọ́n ṣì ń wá a. Lẹ́yìn tó bá ti buwọ́ lùwé, ojú rere ni yóò máa tọrọ.

Àgbà Ìjọ:
Oníṣirò, ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, inú mi sì dùn pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í mọ ọ̀nà. Ibi tí ẹni tó ń darí rẹ̀ bá kọjú sí ló máa gbé e lọ, kódà tí ọ̀gbun bá wà níbẹ̀. Nítorí náà ni Pọ́ọ̀lù kò ṣe sọ pé owó ni gbòǹgbò ohun búburú, ìfẹ́ owó ló pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì kọjú sí àwọn ọlọ́rọ̀ ní ìparí 1 Tímótì 6, kò ní kí wọ́n sọ ara wọn di tálákà. Ó ní kí wọ́n má gbéra ga, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀ tí kò dájú, kí wọ́n lọ́rọ̀ nínú iṣẹ́ rere, kí wọ́n sì múra àtifúnni.

John Wesley tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ máa ń kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá owó tó bí wọ́n ṣe lè wá a láìpa ara wọn tàbí ọmọnìkejì lára, kí wọ́n ṣọ́ ọ ná, kí wọ́n sì fi tọrẹ tó bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn di méjì àkọ́kọ́ mú, wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Wesley sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ ní yunifásítì Oxford, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ara rẹ̀ ló ń sọ. Nígbà tí owó ọdún rẹ̀ jẹ́ 30 pọ́n-ùn, ó ná 28, ó fi 2 tọrẹ. Ọdún kejì ó gba 60, ó tún ná 28, ó fi 32 tọrẹ. Ó di 90, ó di 120, 28 náà ló ń ná. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó ti dúró sí ibi tó tó kí owó tó dé. Owó ń pọ̀, ọwọ́ tó fi ń fúnni ló ń gbòòrò, ìgbé ayé rẹ̀ kò yí padà. Ibi tí ìyá ọlọ́mọ ń sọ lókè yẹn náà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un, torí ó ń dùn mí. Àwọn kan ń fi owó díwọ̀n ìgbàgbọ́ lónìí, bíi pé ẹni tí kò ní kò gbàdúrà tó. Nínú 1 Tímótì 6 yẹn náà, Pọ́ọ̀lù dárúkọ àwọn tó rò pé ọ̀nà èrè ni ìwà-bí-Ọlọ́run, ó sì ka èrò náà mọ́ èrò àwọn tí òtítọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sá fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lọ sí òdìkejì, kí ẹ máa wí fún ẹni tí ebi ń pa pé ọrọ̀ ti ẹ̀mí tó o. Jákọ́bù béèrè èrè tó wà nínú kéèyàn sọ fún ẹni tí kò láṣọ, tí kò lóúnjẹ, pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kó yá iná, kó sì yó. Ní orí 5, ó ní owó ọ̀yà tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi èrú dá dúró ń ké, igbe náà sì ti dé etí Olúwa. Ẹni tó bá sọ pé ọrọ̀ ọ̀run lòun ń wá, kó kọ́kọ́ san owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lásìkò.

Àdúrà Ágúrì nínú Òwe 30 ni mo fi sílẹ̀ fún arábìnrin: "Má fún mi ní òṣì, má fún mi ní ọrọ̀." Ó sọ ìdí rẹ̀. Tó bá yó jù, ó lè sẹ́ Ọlọ́run pé ta ni Olúwa. Tó bá tòṣì, ó lè jalè. Ó bẹ̀rù méjèèjì. Ó ṣòro kéèyàn rí ẹni tó máa gba apá kìíní àti apá kejì àdúrà yẹn pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo sì ń wà lẹ́nu iṣẹ́ jù. Àìsàn kò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Olúwa fúnra rẹ̀ wo èèyàn sàn lọ́jọ́ Sábáàtì, wọ́n sì bínú sí i. Nítorí náà, mi ò gbà pé gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè ló ti ta ogún ìbí rẹ̀ bí Ísọ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí, bóyá yóò ran ẹnì kan lọ́wọ́. Mo máa ń kọ ẹsẹ Bíbélì kan sórí páálí kékeré, màá fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá ti ń fọwọ́ kí n tó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn, màá kà á sínú. Ọwọ́ fífọ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Tó bá fi máa di òwúrọ̀, etí páálí náà á ti rin, bírò á ti fẹ́ máa ṣí, ṣùgbọ́n mi ò ní nílò rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Èmi àti àwọn ará kan tí iṣẹ́ wọn rí bíi tèmi sì máa ń pàdé lọ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀, a ń ka Bíbélì, a ń gbàdúrà fúnra wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ ni àdúrà ìkọ̀kọ̀. Òun ló kọ́kọ́ ń kú. Tí o kò bá wá sípàdé, àwọn èèyàn á bèèrè rẹ. Orin, wàá ṣì máa kọ ọ́. Àdúrà ìkọ̀kọ̀ lè ti kú tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, kí ìwọ gan-an tó fura. O sọ pé iye owó náà ló ń wá sí ọ lọ́kàn bí o bá kúnlẹ̀. Má fi bò. Sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí, pé owó yìí wù mí, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ìyẹn náà àdúrà ni.

Olùbéèrè:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ń kà á ní àkàtúnkà. Ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí tó wà nísàlẹ̀ ọkàn mi gan-an. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti lọ jìnnà. Bí mo bá rí àwòrán wọn lórí fóònù, ohun tí mo ní á wá kéré lójú mi lójijì, bẹ́ẹ̀ inú mi dùn sí i kí n tó ṣí fóònù náà. Ṣé ìlara nìyẹn? Kí lèèyàn ń ṣe sí i?

Akọrin:
Sáàmù 73 ni tìrẹ, arábìnrin mi. Ásáfù, olórí akọrin tẹ́ńpìlì, ló sọ ọ́: ẹsẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀, torí òun ń ṣe ìlara àwọn agbéraga nígbà tí òun rí àlàáfíà àwọn èèyàn búburú. Ó ní lásán lòun pa ọkàn òun mọ́. Ó sọ ọ́ jáde pátá, kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí bò ó. Títí ó fi wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run. Àwọn ọlọ́rọ̀ yẹn kò di tálákà lọ́jọ́ náà. Ojú tó fi ń wò wọ́n ló yí padà, ó sì wá sọ pé, "Ta ni mo ní ní ọ̀run bí kò ṣe ìwọ?"

Má wá gbàgbé Fílípì 4 o. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ní òun ti kọ́ láti ní ìtẹ́lọ́rùn nínú ipòkípò. Ó KỌ́ ọ ni. Wọn ò bí i mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa fẹ́ràn, "Mo lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi," ibẹ̀ náà ló wà. Ọ̀pọ̀ wa ń fi í gbàdúrà pé kí ọ̀nà là. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ni pé òun lè yó láìgbéraga, òun sì lè pebi láìbọ́hùn. Sí mi, ìyẹn tóbi ju ọ̀nà tó là lọ.

Ní ti fóònù: bo àwọn àwòrán yẹn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má máa yọ sí ọ. Kì í ṣe ìkórìíra. Kó o wá máa dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ náà nínú àdúrà, kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ìlara kì í pẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń fi tọkàntọkàn súre fún ẹni tí wọ́n ń ṣe ìlara rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Àmín sí ti Akọrin. Ohun kan tó tún ń tú ọwọ́ owó kúrò lára èèyàn ni kéèyàn fúnni níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n á pe orúkọ ẹni sí. Èyí tó jẹ́ pé ẹni tó gbà á gan-an kò mọ ibi tó ti wá. Jésù ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.

Pọ́ọ̀lù sì fi mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run fi bọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní aginjù, kọ́ àwọn ará Kọ́ríńtì ní ọ̀rọ̀ ìtọrẹ. Ẹni tó kó púpọ̀ ò ní àṣẹ́kù, ẹni tó kó díẹ̀ ò ṣaláìní. Ó ní kí ọ̀pọ̀ tiyín nísinsìnyí dí àìní àwọn ará tó ṣaláìní. Àwọn ará Masedóníà tó fi ṣe àpẹẹrẹ wà nínú òṣì tó jinlẹ̀, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn náà dá. Àṣírí wọn wà nínú 2 Kọ́ríńtì 8:5: ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi fún Olúwa. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ò ṣòro mọ́.

Bàbá Ilé:
Èmi bá ọ̀rọ̀ ọkọ wí díẹ̀. "Ohun tí o bá fẹ́ ni mo fẹ́" dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìpinnu yìí ju ìyẹn lọ. Ẹ jókòó pọ̀. Tí ìyàwó kò bá sí nílé lálẹ́, ta ni yóò máa kó àwọn ọmọ jọ fún àdúrà ìdílé? Tí ọkọ bá máa ṣe é, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ká lè rí i. Àwọn ọmọ ń gbọ́ ohun tí à ń yọ̀ sí nílé. Tí a bá hó yèè nígbà tí owó wọlé, tí a sì dákẹ́ nígbà tí ọmọ kan dárí ji arákùnrin rẹ̀, wọ́n ti mọ èwo ni ọrọ̀ lójú wa, ohun yòówù ká fi Bíbélì kọ́ wọn.

Oníṣirò Owó:
Mo gba ọ̀rọ̀ Àgbà Ìjọ, ẹ ṣeun sà. Tí arábìnrin bá gba iṣẹ́ yìí, kó kọ iye tí ìdílé máa ná àti iye tó máa fi tọrẹ sílẹ̀ kí owó oṣù kìíní tó wọlé. Owó tó ti wọlé máa ń ní àlàyé púpọ̀. Kó sì mú ẹnì kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò ní máa wo ojú rẹ̀, kó fún un láyè láti máa béèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé báwo ni àdúrà, báwo ni ìtọrẹ. Tí ìdáhùn bá ti ń burú, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àgbà Ìjọ:
Ọmọ mi, má kánjú. Tọrọ ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ìwọ àti ọkọ rẹ gbààwẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi bí Oníṣirò ṣe wí. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún ọ máa là ọ́ lójú. Tí o bá kọ̀ ọ́, má fi í ṣe ẹ̀rí láàárín ìjọ. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò rí iṣẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ rẹ lè gún wọn. Tí o bá gbà á, lọ bá olùkọ́ àgbà nípa kíláàsì àwọn ọmọdé yẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Mú ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ wọlé, jókòó tì í fún Sọ́ńdè mélòó kan, kí o sì sọ orúkọ àwọn ọmọ náà àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń là kọjá nílé fún un.